Kòrónà mú mi, ọmọ mi ò sì kúrò lẹ́nu ọmú

Nígbà tí èsì àyẹ̀wò mi jáde pé kòrónà ló ń ṣe mí, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ìyá ọkọ mi ni pé, "Ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀, kó má fún un lọ́mú mọ́ o." Kí n tètè sọ ọ́, wọn ò fi ìkà sọ ọ́. Àwọn ni wọ́n ń wẹ ọmọ yẹn látọjọ́ tá a ti gbé e dé láti ọsibítù, àwọn náà ni wọ́n ń pọ̀n ọ́n lọ́sàn-án kí n lè rí oorun díẹ̀ sùn. Ẹ̀rù ló bà wọ́n. January 2021 la wà, l'Ékòó, kòrónà ẹlẹ́ẹ̀kejì ti gbòde, ojoojúmọ́ là ń gbọ́ pé lágbájá ń wá ọ́síjìn kiri, tàmẹ̀dù ti lọ. Ọmọ mi ò tíì pé oṣù mẹ́rin, ọmú nìkan ló ń mu, kò fẹnu kan ògì, kò fẹnu kan omi gan-an, ìyẹn nìkan sì ti dá ìjà kékeré sílẹ̀ nínú ilé tẹ́lẹ̀ torí Màmá gbà pé òùngbẹ ń gbẹ ọmọ. Kì í ṣe Màmá nìkan o, nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ló ń mu ọmú nìkan, gbogbo àwọn tó kù ni wọ́n ti ń fún ní omi tàbí àgbo tàbí nǹkan míì.

Bàbá ọmọ gbé ọmọ dání lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọn ò wọlé, wọn ò jáde. Màmá ti rán ẹnì kan lọ ra mílíìkì alágolo. Èmi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, orí ń fọ́ mi, gbogbo oríkèé ara ń ro mí, ọmú sì ti kún débi pé bí ọmọ ṣe ń ké lọ́wọ́ bàbá ẹ̀, ṣe ni omi ọmú ń kán sí mi láṣọ.

Ẹ̀rù tó bà Màmá yẹn ní ibi tó ti wá, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní àìmọ̀kan. Àwa tá a ti gbọ́njú ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, a rántí gbogbo ìkéde AIDS tí wọ́n ń ṣe lórí rédíò, pé kòkòrò yẹn lè ran ọmọ nínú oyún, ó lè ràn án níbi ìrọbí, ó sì lè ti inú omi ọmú ràn án. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ ó wọ àwọn èèyàn lórí débi pé àìsàn yòówù tó bá ti ń jẹ́ fáírọ́ọ̀sì, ọmú lọkàn wọn máa kọ́kọ́ lọ. Ìyókù ọ̀rọ̀ yẹn ni wọn ò pariwo ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, pé ní báyìí ìyá tó ní HIV tó ń lo oògùn ẹ̀ déédéé, wọ́n ń sọ fún un pé kó fún ọmọ lọ́mú ni, torí oògùn yẹn ti tẹ kòkòrò náà mọ́lẹ̀ lára ẹ̀. Nígbà tí Màmá wá ń sọ pé "ohun tó bá wà lára ìyá ló máa wà nínú omi ọmú," mi ò lè jiyàn, òótọ́ wà níbẹ̀. Ara ìyá tó ń ṣàìsàn ti ń bá àìsàn yẹn jà, ohun tó fi ń jà náà wà lára ẹ̀, ibẹ̀ ni Màmá ò rò dé.

Ẹni tó bá wa yanjú ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí. Mo pè wọ́n lórí fóònù pẹ̀lú ẹkún. Wọ́n jẹ́ kí n sunkún tán, wọ́n wá bi mí pé ìgbà wo lara ti ń ro mí. Mo ní ó ti ṣe díẹ̀ kí n tó lọ ṣe àyẹ̀wò, àti pé kí n tó rí èsì gbà náà, ọjọ́ ti gorí ọjọ́.

"Ṣé orí bẹ́ẹ̀dì kan náà lẹ jọ ń sùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"O ò kì í fẹnu kò ó lẹ́nu?"

Mo dákẹ́. Ọmọ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mì!

"Ìwọ náà gbọ́," wọ́n ní, "gbogbo ohun tí kòrónà fẹ́ fún ọmọ yẹn, ó ti fi imú gbà á lára ẹ kó o tó mọ̀ pé ara ẹ ò yá. Tó o bá wá gba ọmú lẹ́nu ẹ̀ nísìnyí, àìsàn ò ní torí ìyẹn padà, oògùn nìkan lo gbà lọ́wọ́ ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló yí gbogbo nǹkan padà fún mi, mo sì ti sọ ọ́ fún ìyá ọmọ tó pọ̀ láti ìgbà yẹn. Wọ́n ní kí n gbé fóònù fún Màmá. Wọ́n kí Màmá dáadáa, wọ́n kú ìtọ́jú ọmọ, wọ́n kú ìdúró tì wá, kí wọ́n tó wá ṣàlàyé pé àjọ elétò ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ ọ́ láti June 2020 pé ìyá tó ní kòrónà kó máa fún ọmọ lọ́mú lọ, kó sáà lo ìbomú kó sì máa fọwọ́. Wọ́n tún fi ara wọn ṣe àpẹẹrẹ pé àwọn dókítà pàápàá ti kọ́kọ́ bẹ̀rù, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ ní April 2020 pé kí wọ́n máa ya ìyá sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọmọ tuntun, nígbà tó fi máa di July wọ́n ti yí i padà pé kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n jọ wà nínú yàrá kan. Ó jọ pé ìyẹn gan-an ló tu Màmá lójú, pé ẹ̀rù ba àwọn òyìnbó náà. Wọ́n ní, "Ó dáa, ẹ̀yin lẹ kàwé ẹ̀." Àmọ́ wọ́n gbé agolo mílíìkì yẹn sórí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ní tó bá di dandan.

Òfin tí ẹ̀gbọ́n mi fún mi ò pọ̀. Kí n fi ọṣẹ fọwọ́ kí n tó fọwọ́ kan ọmọ àti lẹ́yìn ẹ̀, kí n lo ìbomú ní gbogbo ìgbà tó bá wà nítòsí mi, kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí n má fẹnu kò ó lẹ́nu, tí n bá fẹ́ wúkọ́ kí n yíjú sẹ́yìn. Tí n bá wúkọ́ sórí ọmú gan-an kí n fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò sídìí láti máa fọ ọmú nígbà gbogbo tí ọmọ bá fẹ́ mu. Èyí dára torí Màmá ti ní ká máa fi sánítáísà nù ún, ẹ wo ọmú tó ti là tẹ́lẹ̀, sánítáísà kẹ̀? Tí ọmọ bá yó, kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi lọ sí pálọ̀.

Òfin rọrùn lẹ́nu, alẹ́ ló le. Tí ibà bá ga, ìbomú yẹn á rin gbindin, ojú mi á máa gbóná, ọmọ á wá na ọwọ́ kékeré ẹ̀ sókè á fa okùn ìbomú títí á fi já kúrò létí mi, á wá máa fi ṣeré, èmi á máa wá òmíràn nínú òkùnkùn torí kò síná. Mi ò gbóòórùn nǹkan kan. Ọmọ á ṣu sídìí mọ́ mi lára, mi ò ní mọ̀, ó dìgbà tí Màmá bá pariwo láti pálọ̀ pé "ẹ yẹ ọmọ yẹn wò o!" Ó tún ní nǹkan kan tí mi ò rò tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni pé inú bí mi pé mi ò gbóòórùn orí ọmọ mi mọ́. Ẹni tó bá ti bímọ rí máa mọ òórùn tí mò ń wí.

Nígbà tí ibà yẹn le jù, omi ọmú dín kù, ọmú tó ń kán fúnra ẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Kíá ni wọ́n ti ń sọ ọ́ nínú ilé pé àìsàn ti gbẹ ọmú, ká kúkú gbé mílíìkì sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní rárá, ara tí ibà ń fa omi ẹ̀, tí onítọ̀hún ò sì lè jẹun, omi ọmú máa dín, àmọ́ ọmọ tó bá ń fà á ló máa pè é padà, kí n jẹ́ kó máa fà á lemọ́lemọ́, kí n máa mu nǹkan olómi. Ẹ̀kọ gbígbóná, ọbẹ̀ ata tí mi ò mọ adùn ẹ̀, omi, omi, omi. Paracetamol ni wọ́n ní kí n lò sí ibà, wọ́n ní ibuprofen náà ò burú fún ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú tí inú ò bá ti máa ń dùn ún, àmọ́ kí n má lo aspirin, kí n sì yẹ ara paali oògùn kàtá wò dáadáa torí èyí tó bá ní pseudoephedrine nínú máa ń dín omi ọmú kù. Èyí ṣe pàtàkì o, torí oògùn kàtá lọ̀pọ̀ wa máa ń sáré rà lọ́dọ̀ onísọ́ọ̀bù oògùn láì béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀. Aládùúgbò wa kan gbé àgbo wá nínú jálá, mo dúpẹ́ gan-an, mo gbé e sílẹ̀, torí mi ò mọ ewé tó wà ńbẹ̀ àti ibi tó máa gbà dé ara ọmọ. Omi ọmú padà kún.

Ọmọ náà ṣe kàtá. Ara ẹ̀ gbóná díẹ̀, imú dí i, ó ń ké tó bá ń mu ọmú torí kò lè mí dáadáa, a ń fi omi iyọ̀ kán an nímú, nígbà tó yá ó lọ. Mi ò ní fọwọ́ sọ̀yà pé omi ọmú mi ló gbà á sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ọmọdé ni kòrónà ò ṣe ní nǹkan ńlá bóyá wọ́n mu ọmú bóyá wọn ò mu. Ẹni tó bá wá bá yín pé ọmú ló wo ọmọ òun sàn lọ́wọ́ kòrónà, ẹ bá a yọ̀, àmọ́ kò lè mọ̀ jàre.

Ohun tí mo lè sọ ni ohun tí wọ́n rí nínú omi ọmú gan-an, torí nígbà tí ara mi yá tán mo wá a kà. Ìtàn yẹn ti pẹ́ ju kòrónà lọ. Ọdún 1892 ni Paul Ehrlich, ará Jámánì, ti fi eku dán an wò: ó gba ọmọ eku tí ìyá wọn ò ní ààbò kankan, ó fi wọ́n sábẹ́ ìyá eku tó ti ní ààbò kó máa fún wọn lọ́mú, ààbò yẹn sì dé ara wọn. Ti èèyàn yàtọ̀ díẹ̀ ṣá. Nínú eku, áńtíbọ́dì inú omi ọmú, ìyẹn ohun tí ara ń ṣe láti fi bá àìsàn jà, máa ń ti inú ìfun wọnú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Nínú ọmọ èèyàn, èyí tó ń wọnú ẹ̀jẹ̀ ò tó nǹkan, inú oyún ni ọmọ ti máa ń gba tinú ẹ̀jẹ̀, pàápàá ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní IgG, tó máa ń dín kù díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìbí. Èyí tó pọ̀ jù nínú omi ọmú ni IgA, omi ọmú àkọ́kọ́ yẹn, èyí tó máa ń ki tó sì máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, òun ló ní i jù, òun náà sì làwọn ìyá àgbà kan máa ń ní ká fún dànù pé ó dọ̀tí.

Bó ṣe yé mi nìyí. IgG jẹ́ ọlọ́dẹ tó ń gbé inú ilé. IgA inú omi ọmú, ẹnu géètì ló dúró sí, ní ẹnu ọmọ, ní ọ̀fun ẹ̀, nínú ìfun ẹ̀, fáírọ́ọ̀sì tó bá ń bọ̀ á dì í mú lápá lẹ́sẹ̀ kó má lè lẹ̀ mọ́ ara, ọmọ á sì ṣu ú dànù. Kò wọlé, nítorí náà kò sí ìjà nínú ilé. Àmọ́ owó ojúmọ́ ni ọlọ́dẹ ẹnu géètì yẹn ń gbà, ọjọ́ tẹ́ ò bá san, kò ní wá. Ìgbà tí mo ka ibí yìí ni mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi jinlẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, torí tí wọ́n bá já ọmọ lẹ́nu ọmú nítorí àìsàn ìyá, kò sí èyí tó kù lára ọmọ tó máa ṣiṣẹ́ fún un títí dọ̀la, gbogbo ẹ̀ ló ń bá ìgbẹ́ lọ.

Ibi tó sì ti ń wá jọ mí lójú gan-an. Tí fáírọ́ọ̀sì bá bà sí ìyá lọ́fun tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró tàbí nínú ìfun, àwọn ọmọ ogun ara tó bá dá a mọ̀ á máa bí sí i, díẹ̀ nínú wọn á wá gba inú ẹ̀jẹ̀ rìn wá sínú ọmú obìnrin tó ń tọ́mọ, wọ́n á jókòó síbẹ̀, wọ́n á máa ṣe IgA tó jẹ́ ti fáírọ́ọ̀sì yẹn gan-an. Ọmú fúnra ẹ̀ á wá fi nǹkan kan wé IgA yẹn lára kó tó tì í sínú omi ọmú, kí omi kíkan inú ikùn ọmọ má bàa gé e sí wẹ́wẹ́. Nítorí náà àìsàn tó wà ládùúgbò yín, nínú danfó tẹ́ ẹ wọ̀, lọ́jà tẹ́ ẹ lọ, òun náà ni omi ọmú yín ń ṣe èsì ẹ̀. Kì í yára bí i iná o, ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tó bá jẹ́ àìsàn tí ara ìyá ò rí rí. Kó tó dé, àwọn nǹkan míì wà nínú omi ọmú tó ń ja gbogbo kòkòrò láì yan èyí tó ń jà, lactoferrin wà ńbẹ̀, lysozyme wà ńbẹ̀, nítorí náà ọmọ ò fọwọ́ lásán dúró de ọ̀sẹ̀ kejì.

Ti kòrónà gan-an, Rebecca Powell àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Mount Sinai ní New York wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wá a lọ́dún 2020. Wọ́n gba omi ọmú lọ́wọ́ obìnrin 15 tí kòrónà ti ṣe tó sì ti lọ, 12 nínú wọn ni IgA tó mọ kòrónà wà nínú omi ọmú wọn. Nígbà tó yá wọ́n tún rí i pé ó lè wà níbẹ̀ títí di nǹkan bí oṣù mẹ́wàá. Àwọn míì, tí ará Yunifásítì Idaho wà lára wọn, yẹ omi ọmú 37 wò lọ́wọ́ obìnrin 18 tí àìsàn yẹn ń ṣe tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe: wọn ò rí fáírọ́ọ̀sì nínú ọ̀kankan, áńtíbọ́dì ni wọ́n rí, nígbà tí wọ́n sì da omi ọmú yẹn pọ̀ mọ́ fáírọ́ọ̀sì nínú láàbù, ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ ló pa agbára ẹ̀. Ní San Diego, wọ́n yẹ 64 wò, ẹyọ kan ni wọ́n ti rí ipasẹ̀ fáírọ́ọ̀sì, nígbà tí wọ́n wá gbìyànjú kó hù láàbù, kò hù, òkú ni. Àwọn obìnrin yìí ò pọ̀, mo mọ̀, àmọ́ ibì kan náà ni gbogbo wọn tọ́ka sí. Mo ka èyí tó ní "wọn ò rí fáírọ́ọ̀sì nínú ọ̀kankan" sókè fún Màmá lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Wàyí o, ibi táwọn èèyàn ti máa ń ṣàṣejù nìyí. Ẹnì kan nínú ẹbí ní kí n fún omi ọmú sínú kọ́ọ̀pù kí bàbá àgbà mu ún, ṣebí mo ní áńtíbọ́dì. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá tó ń jẹ iyán, tí áńtíbọ́dì yẹn máa gba ọ̀fun ẹ̀ kọjá wuuru, kí ló fẹ́ bá a ṣe? Ọmọ jòjòló ń mu ún tọ̀sántòru, bàbá àgbà ń mu kọ́ọ̀pù kan. Àwọn kan náà máa ń fún un sójú ọmọ tí ojú ẹ̀ bá ń ṣe ìpin tàbí tí Apollo bá mú un. Áńtíbọ́dì kòrónà ò mọ Apollo rí o, ọmọ tuntun tí ojú ẹ̀ ń yọ nǹkan, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an torí òmíràn wà níbẹ̀ tó lè fọ́ ojú. Bẹ́ẹ̀ ni omi ọmú ò lè rọ́pò abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ. Mo gbọ́ ẹni tó ní òun ò gbé ọmọ lọ gba ti èéyi, ìyẹn measles, torí ọmọ ń mu ọmú dáadáa. Ẹ gbé e lọ.

Abẹ́rẹ́ kòrónà náà dé Nàìjíríà ní March 2021, AstraZeneca ni, kíá ni ìròyìn ti kún Wàsáàpù pé ó ń gbẹ omi ọmú. Nígbà tó kàn mí, mo ṣì ń fún ọmọ lọ́mú, mo gbà á. Apá dùn mí, ara mi gbóná díẹ̀ lálẹ́, ọmú ò gbẹ. Ní Ísírẹ́lì, wọ́n tẹ̀lé obìnrin 84 tó ń fún ọmọ lọ́mú tí wọ́n gba ti Pfizer, ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ nǹkan bí ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún omi ọmú wọn ti ní IgA tó mọ kòrónà, nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkẹfà, ìdá 97 ti ní IgG. Wọ́n sọ pé àìsàn fúnra ẹ̀ máa ń mú IgA wá jù, abẹ́rẹ́ máa ń mú IgG wá jù. Ìyẹn ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ wá àìsàn kó o, a mọ àwọn tí kò jí.

Kì í sì í ṣe gbogbo fáírọ́ọ̀sì lèèyàn lè sọ̀rọ̀ ẹ̀ báyìí, ẹ má lọ fi ọ̀rọ̀ mi ṣe oògùn gbogboǹṣe. Ebola máa ń wà nínú omi ọmú, ó sì máa ń pẹ́ níbẹ̀, ọmọ ò gbọ́dọ̀ mu ún. Lassa náà, èyí tí àwọn ará Oǹdó mọ̀ dáadáa torí ó máa ń jà ní Ọ̀wọ̀, wọ́n ti rí i nínú omi ọmú, dókítà ló máa sọ ohun tí ẹ máa ṣe. Ẹni tí egbò herpes bá yọ sí lórí ọmú, ọmọ ò gbọ́dọ̀ mu ọmú ẹ̀gbẹ́ yẹn títí tó máa fi jiná. Chickenpox tó bá mú ìyá ní ìgbà tó kù díẹ̀ kó bímọ tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó léwu fún ọmọ tuntun gan-an, ẹ tètè débẹ̀. Ti hepatitis B, tó pọ̀ nílẹ̀ wa, ìyá lè fún ọmọ lọ́mú, ohun tó ṣe kókó ni kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ ẹ̀ kíá tí wọ́n bá ti bí i, kó tó pé wákàtí 24. HIV mo ti sọ. Àmọ́ kàtá, ọ̀fìnkìn, flu, ìgbẹ́ gbuuru, gbogbo èyí tó ń kiri lásìkò ọyẹ́, ọmú kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa dá dúró, ọwọ́ lẹ máa fọ̀.

Ẹni tí àìsàn wá dá dùbúlẹ̀ tí kò lè gbé ọmọ ńkọ́? Ó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi kan, ọsibítù ló wà. Ṣe ló ń fi ọwọ́ fún un sínú kọ́ọ̀pù tó mọ́, lẹ́yìn tó bá ti fọwọ́ tó sì ti wọ ìbomú, ọkọ ẹ̀ á gbé e lọ sílé, ìyá ẹ̀ á fi ṣíbí kékeré fún ọmọ mu. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n pè mí pé àwọn ti gbé e kaná, ó ti hó, pé kí kòkòrò lè kú. Mo ní ẹ̀yin èèyàn yìí, gbogbo áńtíbọ́dì tí ọmọbìnrin yẹn fi ìnira fún jáde lẹ ti sè yẹn. Àwọn ibi tí wọ́n ń tọ́jú omi ọmú pa mọ́ fún ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé, ìwọ̀n 62.5 ni wọ́n ń gbé iná ẹ̀ dé fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n ń fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, ó máa ń pa fáírọ́ọ̀sì, púpọ̀ nínú IgA á sì kù, kì í ṣe ìkòkò àti sítóòfù. Nílé, ẹ gbé kọ́ọ̀pù náà sínú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó lè yọ́ òtútù, ó tán.

Wọ́n máa ń sọ pé ó lè wà níta fún wákàtí mẹ́rin, kó wà nínú fíríìjì fún ọjọ́ mẹ́rin. Níta tí wọ́n ń wí yẹn, yàrá tí kò gbóná ju ìwọ̀n 25 lọ ni, fíríìjì tí iná wà lára ẹ̀ ni wọ́n sì ń sọ, nítorí náà nínú ooru Èkó tí wọ́n mú iná lọ láti àná, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ fún un díẹ̀díẹ̀ kí ọmọ máa mu ún bó ṣe ń dé, kí ọkọ máa rin ìrìn yẹn lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́.